Aṣọ Inú Ìkòkò Aláìláfẹ́fẹ́

Ogún ọdún tí òfin là kalẹ̀ fún pípa aṣọ olóògbé mọ́ pé láàárọ̀ náà. Bámgbóyè, ẹni tó ń dé ìkòkò aláìláfẹ́fẹ́, níbi tí aṣọ kì í ti í gbó, nílùú, tú bóòtù tó de etí ìkòkò náà, irin tí kì í dípẹtà, ó sì yọ òrùka bàbà tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fọwọ́ kan etí irin yẹn. Ọ̀rá ọwọ́ yín á bà á jẹ́.”

“Ọwọ́ tí mo fi wẹ ọmọ mi ni yóò wá ba irin rẹ jẹ́?” ni Wúràọlá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wí.

Àdìrẹ ọmọ rẹ̀ tó ti kú jáde, ó dúdú bí ẹni pé àná ni wọ́n rẹ ẹ́. Wúràọlá tẹ imú bọ̀ ọ́ títí.

“N kò gbọ́ òórùn ọmọ mi nínú rẹ̀.”

Bámgbóyè wolẹ̀. Ẹ̀rọ tó fa afẹ́fẹ́ jáde ló fa òórùn náà lọ. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó dé ìkòkò náà, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́ lójú ẹkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.