Ẹni Tó Fi Oríkì Olóríkì Rìnrìnàjò

Ahun ni Ọlágbénró, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ṣùgbọ́n ahun tó fẹ́ rí gbogbo ayé ni. Ó fẹ́ dé Niamey, ó fẹ́ dé Gao, ó fẹ́ rí òkun tó wà ní òdì kejì aṣálẹ̀, kò sì fẹ́ kí àjò náà ná òun ní nǹkan kan.

Ayé ìjọba kámárádì ni, nígbà tí àwọn ológun ń fi sósíálísìmù ṣèjọba, a ń gbé ní Albarika ní Parakou. Àwa tí a ti Ṣábẹ̀ wá ní àṣà kan: ọmọ wa tó bá dé ìlú àjèjì, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ará ilé rẹ̀, tó sì ki oríkì ìdílé, yóò jẹ, yóò sùn, kò ní sanwó. Èmi ni mo mọ oríkì àwọn ìdílé Ṣábẹ̀, Kétu àti Ìdàáṣà tó wà nílùú. Ọlágbénró jókòó tì mí, ó kọ́ gbogbo rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ìfẹ́ ilé ni.

"Kí lo fẹ́ fi oríkì ilé onílé ṣe?" ni mo bi í.

"Ìyá, kámárádì ní ohun gbogbo ti di ti gbogbo wa. Oríkì ńkọ́?"

"Oríkì kì í ṣe lésépàsé, ìwé àṣẹ tí ẹnikẹ́ni lè fi kọjá ẹnubodè. Ẹni tí o bá pe ara rẹ, òun ni wàá dà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gun ẹ̀yìn ọkọ̀ oníṣu lọ.

Ní Malanville, ó di ọmọ Kétu. Ní Niamey, ó di ọmọ Ìdàáṣà. Wọ́n fún un ní ẹní, wọ́n fún un ní ẹran. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ nípa ìyá arúgbó kan ní Gao, tí ọmọ rẹ̀, Àyànbọ̀dé, wọ aṣálẹ̀ lọ tí kò bọ̀ mọ́. Sùlè, awakọ̀ tó gbé e dé ilé ìyá náà ní Gao, ló ròyìn ìyókù fún wa.

"Ìyá, èmi Àyànbọ̀dé ni mo dé," ni Ọlágbénró wí.

Ìyá náà kò ríran. Ó fọwọ́ pa á lójú, ó sì gbé àwo oúnjẹ síwájú rẹ̀.

"Lójoojúmọ́ ni mo ń gbé àwo yìí kalẹ̀ fún ọ," ni ó wí. "Lójoojúmọ́ ló ń ṣófo. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kan ẹni tó ń jẹ ẹ́."

Sùlè fa aṣọ Ọlágbénró. "Ọ̀rẹ́, má jẹ ẹ́ o!"

"Ọ̀fẹ́ ni," ni Ọlágbénró dáhùn. Ó jẹ ẹ́ tán.

Ẹni tó sọ ilé nù, ó so àpò ìyà kọ́. Nígbà ọyẹ́, ní ọ̀sán gangan, ọkùnrin kan tí eruku bò dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Àbẹ̀ní, ìyá tó bí Ọlágbénró, ń ṣa ẹ̀wà. Ó wò ó, kò dá a mọ̀.

"Ẹ káàbọ̀, àlejò. Ta lẹ ń wá?"

"Ìyá mi, èmi ọmọ yín ni!"

Àbẹ̀ní yíjú sí mi. "Àbúrò ọkọ mi, ẹ gbọ́ ohun tí àlejò yìí ń wí?"

Ojú náà ṣàjèjì sí èmi náà, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ jọ ohùn kan tí mo mọ̀. Mo bu omi fún un, ó mu ún. Mo wá fi oríkì ilé wa dán an wò: "Ọmọ olókè tí kì í yẹ̀..."

Ọmọdé ilé wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀ mọ ìyókù. Ọkùnrin náà la ẹnu láti parí rẹ̀.

"...tí yanrìn bò mọ́lẹ̀," ni ó wí, ó sì fọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀.

Nígbà náà ni ohùn obìnrin arúgbó kan pè láti ojú ọ̀nà: "Àyànbọ̀dé!"

"Ìyá!" Ó ti dáhùn kó tó mọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yí padà, ó ń gbé e lọ sí ìhà àríwá, ojú rẹ̀ sì ń wo Àbẹ̀ní lẹ́yìn, ó ń sunkún. A wo ojú ọ̀nà: kò sí obìnrin kankan níbẹ̀. A kò rí ọkùnrin náà mọ́ títí di òní. Nígbà tí mo gbé igbá tó fi mu omi, yanrìn ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń rìnrìnàjò, kò sí ìtìjú nínú àìlówó lọ́wọ́. Ẹni tí kò lówó lè bẹ onílé, ó lè gbálẹ̀, ó lè pọnmi, kí wọ́n sì fún un níbi tí yóò sùn sí. Ṣùgbọ́n ẹ má fi orúkọ òkú wá oúnjẹ, ẹ má sì tan ìyá tó ń retí ọmọ. Ohun tí a bá fi irọ́ gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ilé ẹni la fi ń san án.