Fọ́tò Inú Òkùnkùn

Ìfọ̀, ọdún 1957.

“Ẹ lé tíṣà ayálégbé yín yẹn jáde! Amí ni!”

Ọ̀sẹ̀ kan rèé tí Ọmọ́níkẹ́ ti ń fi èyí kọrin sétí ọkọ rẹ̀, Lásúnkànmí.

Ẹni rere wo ló ń ya fọ́tò nínú òkùnkùn?

Láàárọ̀ yìí, Lásúnkànmí já wọ yàrá tíṣà. “Kí lò ń yà?”

Tíṣà na fọ́tò sí i. “Ìmọ́lẹ̀ táṣẹ́rẹ́ tí sánmà fúnra rẹ̀ ń tàn ni, bàbá. Iná tó bá ń rìn níbẹ̀ á di ìlà. Tòkè yìí ni òṣùpá àtọwọ́dá tí àwọn ará Rọ́ṣíà jù sókè.”

“Tìsàlẹ̀ ńkọ́?”

“Fìtílà yín ni. Ṣebí ẹ gbé e gba ẹ̀yìnkùlé yín wọ ilé Adéyanjú télọ̀ lóru àná?”

Lóru àná, iṣẹ́ ni Lásúnkànmí wà ní réluwé títí ilẹ̀ fi mọ́.