Ta Ló Fa Ìlà Yìí?

Afínjú ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà níbi iṣẹ́, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó jókòó ti kọ̀ǹpútà, kó fa ìlà yí ibi tó ń tọ́jú ìrántí ká nínú àwòrán ọpọlọ àwọn aláìsàn, kó sì fi pupa kùn ún, kí ẹ̀rọ lè mọ ibi tí yóò wọ̀n. Bí ìlà bá yà pẹ́nrẹ́n, ìwọ̀n ti bàjẹ́ nìyẹn.

Òun àti Ìyá Ìbejì ló jọ ń ṣe é. Kì í sí orúkọ lára iṣẹ́ ẹnikẹ́ni, kí ojúsàájú má baà wọ̀ ọ́. Ìgbà tó yá, dókítà tó ni iṣẹ́ náà, tó jẹ́ òun nìkan ló mọ ẹni tó ṣe èwo, sọ pé ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ni òun lè mú dúró sẹ́nu iṣẹ́. Àyà Afínjú já. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, dókítà pè é sí ọ́fíìsì. Ó ṣí àwọn àwòrán kan tí wọ́n ti kùn, ó ní kó sọ ojú tó fi rí wọn.

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Afínjú. Ìlà ti ṣàkúnya wọ ibi tí kì í ṣe tirẹ̀, wọ́n sì gé ìdí ibi ìrántí náà sọnù. Ó ṣáà mọ̀ pé Ìyá Ìbejì a máa kánjú lọ mú àwọn ọmọ nílé ìwé. Bí ìlà náà ṣe bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ jọ bí òun náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé obìnrin yìí ti ń jí ọwọ́ òun wò. Àánú rẹ̀ ṣe é díẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá òun bọ́ ọmọ?

"Ẹ má bínú, mà," ó ní, "iṣẹ́ játijàti ni."

Dókítà bi í bóyá ẹni náà ṣì lè kọ́ ọ sí i.

"Igi tó ti gbẹ ò ṣeé tẹ̀ mọ́, mà. Ẹ jẹ́ kó máa lọ."

Dókítà wò ó títí, ó dúpẹ́ pé ó sọ òótọ́. Nígbà tí Afínjú jáde, ó kí Ìyá Ìbejì jẹ́jẹ́ bí ẹni ń kí ẹni tí òfò ṣẹ̀, ó tún bu omi wá fún un.

Nírọ̀lẹ́, dókítà pe Afínjú padà, ó ṣàlàyé pé iṣẹ́ tí kálukú fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lọ́dún tó kọjá ni òun gbé fún un láti yẹ̀ wò, àti pé Ìyá Ìbejì náà ti wo tirẹ̀ lánàá láìmọ̀, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún ẹni tó ṣe é láàyè sí i.