Ọjọ́ Mẹ́wàá Níwájú Àhámọ́ Ajá

Àìnísùúrù ni àrùn tó ń bá Ọ̀gbẹ́ni Micah Ṣóyẹmí jà. Ọ̀gá wolé-wolé ni ní ọ̀kan nínú àwọn káńsù agbègbè Ìjẹ̀bú-Òde. Kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ká má purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí kò bá ti lè parí kí oòrùn tó wọ̀, iṣẹ́ ìyà ló kà á sí.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, ajá ìgboro pọ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Wọ́n ń já ẹran gbà lórí àtẹ, wọ́n sì ń lé àwọn ọmọ iléèwé. Nígbà tí àwọn ará ìlú figbe bọnu, alága káńsù pàṣẹ pé kí wọ́n mú ajá tí kò lẹ́ni, kí wọ́n sé e mọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá láti wò ó bóyá àrùn dìgbòlugi wà lára rẹ̀. Èyí tó bá lẹ́ni, kí wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì so okùn pupa mọ́ ọn lọ́rùn. Azeemah, ọ̀dọ́mọbìnrin tó jẹ́ igbákejì Ṣóyẹmí, ti tún àhámọ́ onírin tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì ṣe, ó sì ti kó abẹ́rẹ́ sínú yìnyín.

Ọ̀gá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọjọ́ mẹ́wàá nítorí ajá? Ẹran díẹ̀ ni mo nílò."

Ó ra ẹran, ó po májèlé mọ́ ọn, ó dà á káàkiri ìgboro ní ìdájí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ajá mẹ́tàlélógún ti kú. Ajá ọdẹ kan tó ní ṣaworo lọ́rùn wà lára wọn. Àwọn ọlọ́jà pàtẹ́wọ́. Rédíò dárúkọ Ṣóyẹmí. Alága tó kọ́kọ́ fajú ro gbọ́ ariwo ìyìn, ó tújú ká, kò sì pẹ́ tó fi fún un ní ọkọ̀ tuntun. Ṣóyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kan wa ọkọ̀ kiri ìlú.

Oṣù méjì kò pé, ajá mìíràn ti ya wọlé láti Ayépé àti àwọn ìlú tó yí wọn ká, nítorí pé ìfun àti egungun ṣì wà nílẹ̀ lẹ́yìn ilé ìpẹran. Azeemah bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n kọ́kọ́ kó ìdọ̀tí yẹn kúrò. Ọ̀gá ní òun kò ráyè. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ; Ṣóyẹmí tún po májèlé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n pe Azeemah pé ajá pupa kan tí etí rẹ̀ gé bu ọmọ iléèwé kan jẹ nítòsí ilé ìpẹran, ọmọ náà sì ti sá lọ. Ó lọ mú ajá náà, ó tì í mọ́ àhámọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ṣóyẹmí dé pẹ̀lú korobá ẹran rẹ̀.

"Ju ẹran sí èyí náà," ó wí.

Azeemah fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó dúró síwájú ìlẹ̀kùn. "Ẹ má bínú, sà. Ajá yìí bu ọmọ kan jẹ lánàá. Tí a bá pa á, báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá àrùn wà lára rẹ̀?"

"Ọmọ ta ni?"

"A ò tíì mọ̀, sà."

Ṣóyẹmí ń búra lọ́wọ́ pé òun máa fún un ní kúẹ́rì lọ́jọ́ Ajé nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Morádéyọ̀ ìyàwó rẹ̀ ni. Ó ń wẹ̀ fún Mofẹ́olúwa, ọmọ ọdún méje, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ló bá rí ojú eyín ajá lápá rẹ̀. Ọmọ náà ti bò ó mọ́lẹ̀ láti àná, nítorí bàbá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà ilé ìpẹran. Ó ní ajá pupa ni, etí rẹ̀ kan gé.

Korobá bọ́ lọ́wọ́ Ṣóyẹmí. Ó sáré lọ gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Azeemah ló ṣa ẹran náà nílẹ̀ tó lọ rì í mọ́lẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìgbà pípẹ́, ó sì fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ó ní ọgbẹ́ náà jìn, oògùn kejì tó yẹ kó bá a rìn kò sì sí nítòsí. Wọ́n ti ránṣẹ́ wá a. Ló bá béèrè pé ajá náà ńkọ́, ṣé ó wà láàyè.

"Ó wà láàyè," Ṣóyẹmí dáhùn, ó sì wolẹ̀. "Ẹnì kan ni kò jẹ́ kí n pa á."

Dókítà mí kanlẹ̀. Ó ní bí ara ajá náà bá ṣì le lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, a jẹ́ pé kò ní àrùn dìgbòlugi nígbà tó bu ọmọ jẹ, kí wọ́n fọkàn balẹ̀.

Báyìí ni ọkùnrin tí kì í lè dúró kí ìrẹsì jinná ṣe di ẹni tó ń jókòó sórí búlọ́ọ̀kù níwájú àhámọ́ láràárọ̀, tó ń wò bóyá ajá mu omi. Àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún un ń kọjá, wọ́n ń wò ó. Lọ́jọ́ kẹrin, ajá kọ oúnjẹ, Ṣóyẹmí sì sunkún lójú gbogbo ènìyàn. Azeemah sún mọ́ ọn, ó rọra sọ fún un pé oúnjẹ tó kó fún ajá náà lánàá ti pọ̀ jù, pé ajá náà yó ni. Lọ́jọ́ kẹwàá, ajá dìde, ó lá omi, ó ju ìrù. Ṣóyẹmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Azeemah, ọmọ tó lè bí. Ẹ̀rù ba ọmọbìnrin náà, ó yára kúnlẹ̀, ó ń fà á dìde.

Káńsù kò torí ẹkún rẹ̀ fojú fo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gba ọkọ̀ àti ipò ọ̀gá lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi Azeemah sípò náà, wọ́n sì ní kí Ṣóyẹmí máa gbé àpótí yìnyín tẹ̀ lé e láti ojúlé dé ojúlé. Ó gbé e, kò ráhùn. Wọ́n kó ìdọ̀tí ilé ìpẹran, wọ́n gún ajá lábẹ́rẹ́, àwọn ọmọ sì ń lọ síléèwé wọn wọ́ọ́rọ́wọ́. Ara Mofẹ́olúwa le koko. Òun fúnra rẹ̀ ló so okùn pupa mọ́ ajá tó bù ú jẹ lọ́rùn.

Ẹ̀yin tí ìlú fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́, ẹ gbọ́ o. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìyìn tí ẹ gbà lórí iṣẹ́ àṣepatì kò ní bá yín dúró ní ilé ìwòsàn. Bí ọmọ abẹ́ yín bá sọ òótọ́, ẹ má fi ipò pa á lẹ́nu mọ́, nítorí ẹ ò mọ ọmọ ẹni tí òótọ́ náà máa yọ. Bí ajá bá sì bu ènìyàn jẹ, ọṣẹ àti omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn. Ẹ má sáré pa ajá. Ẹni tó bá ti ṣìṣe, kó gba ìyà rẹ̀, kó sì yí padà, nítorí ìlú ṣì lè rí i lò.