Aṣọ Ló Súnkì

"Bàbá Télọ̀, ẹ má fa ikùn wọlé mọ́."

Télọ̀ mí kanlẹ̀, ikùn rẹ̀ sì dà sórí téèpù. Ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́kọ́ fi sí i lápá ti fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Nọ́ọ̀sì Matilda ní òun gbọ́dọ̀ wọn ìbàdí rẹ̀, kí òun lè mọ̀ bóyá àrùn ọkàn tàbí ìtọ̀ ṣúgà ń dọdẹ rẹ̀.

"Ínṣì mẹ́tàlélógójì."

"Haba! Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí. Ṣebí èmi ni télọ̀ ara mi."

"Ta ló wá tú ìdí ṣòkòtò sáfárì yín, tó tún fi aṣọ kún un?"

"Èmi ni. Aṣọ ló súnkì."

Ohun tó máa ń sọ nìyẹn fún gbogbo oníbàárà tó bá sanra ní Sabon Gari, kí ojú má baà tì wọ́n. Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ pa á lẹ́rìn-ín.

"Irọ́ tí mo ń pa fún oníbàárà, èmi náà ti gbà á gbọ́!"

Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. "Yúnífọ́ọ̀mù mi tẹ́ ẹ ní ó súnkì lóṣù tó kọjá ńkọ́?"

Télọ̀ wo ìbàdí nọ́ọ̀sì. Ó sún àga tí òun ti jókòó lé tẹ́lẹ̀ sí i.

"Jókòó, ọmọ mi. Fi ẹ̀rọ yẹn sápá tìrẹ náà."