Oògùn Tí Bándélé Dà Sí Ṣáláńgá

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin o. Ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ ní ẹ ti mọ ìyókù. Ohun tó ṣe Bándélé gan-an nìyẹn.

1.
Ní Odígbó, ọ̀pẹ tó bá ga tí àwọn ọ̀dọ́ ń sá fún, Bándélé ni wọ́n ń pè sí i. Kó tó gùn ún, á fi igbà, okùn tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ, yí ìdí rẹ̀, á rọ̀ sẹ́yìn, á fi gbogbo ara fà á wò bóyá yóò já, bó tilẹ̀ jẹ́ igbà àná náà ni.

Àfi bí àyà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í já a. Kò sẹ́ni tó lé e. Á jókòó sídìí oúnjẹ, ọkàn rẹ̀ á máa lù kìkìkì, òógùn tútù á bò ó, èémí ò ní dé ìsàlẹ̀ mọ́.

"Motún, mo ń kú lọ," ni yóò wí fún ìyàwó rẹ̀, ìyá Pamílẹ́rìn ọmọ wọn.

Bó bá ṣe díẹ̀, á kọjá. Ṣùgbọ́n kò lè gun ọ̀pẹ mọ́, ọ̀pẹ sì ni oúnjẹ ilé.

2.
Motún mú un lọ sí ọsibítù kan ní Òrè. Àwọn dókítà ń ṣe ìwádìí níbẹ̀ lórí ìpayà àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, kí wọ́n lè mọ ìtọ́jú tó dára jù. Nọ́ọ̀sì Karimat kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mí wọ́ọ́rọ́wọ́, ó sì fún un ní oògùn oníhóró, ẹyọ kan láràárọ̀.

"Bàbá Pamílẹ́rìn, èyí kì í ṣe àgbo tí èèyàn ń dá dúró tára bá ti yá. Bí ẹ bá fẹ́ jáwọ́, ẹ wá sọ, a ó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ má sì gun ọ̀pẹ títí a ó fi ní kí ẹ gùn."

"Mo gbọ́, nọ́ọ̀sì."

Lóṣù kejì, ó ń sùn, ó ń jẹun, àyà ò já mọ́.

3.
Eli, tí wọ́n jọ ń gun ọ̀pẹ, rí káàdì ọsibítù lápò rẹ̀.

"Bándélé, ṣé ibi tí wọ́n ti ń wo wèrè lo ń lọ? O ò ní máa bá imọ̀ ọ̀pẹ sọ̀rọ̀ lókè báyìí?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bándélé náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn gún un lọ́kàn. Bó ṣe délé, ó da oògùn sí ṣáláńgá. Ara rẹ̀ kúkú ti yá.

"Ṣé ẹ ti lo tòní?" Motún bi í lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì.

"Mo ti lò ó."

Nígbà tó lọ fara hàn lọ́sibítù, Nọ́ọ̀sì Karimat náà béèrè. Irọ́ kan náà ló pa fún un. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ wo ẹni tó ń dán igbà wò lójoojúmọ́, tí kò dán ara rẹ̀ wò.

4.
Lọ́jọ́ kẹsàn-án tó ti da oògùn nù, Eli ní ọ̀pẹ kan wà lọ́nà Àgọ́ Aláyé tí òun ò lè gùn. "Àbí oògùn ti gba igbà lọ́wọ́ ẹ ni?"

Bándélé fa igbà lẹ́ẹ̀mẹta. Igbà dúró. Ó gùn ún.

Ó gé ìdì ẹyìn kan. Kó tó gé èkejì, òyì kọ́ ọ. Ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kìkìkì. Ó fẹ́ mí wọ́ọ́rọ́wọ́, èémí ò gbọ́.

"Eli, ó ti dé."

"Kí ló dé?"

"N kò lè sọ̀ kalẹ̀."

"Di igbà mú. Má wo ilẹ̀. Máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, jọ̀ọ́."

Ó sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀, ó sọ èkejì. Ni àyà bá tún já a. Ọwọ́ tó yẹ kó fi di igbà mú ló fi di àyà mú.

5.
Igbà ò já. Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí dòní. Bándélé ló já bọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣẹ́. Ẹnu ọ̀nà ló ń jókòó sí, ó ń ṣa ẹyìn tí ẹlòmíì gé.

Nọ́ọ̀sì Karimat wá wò ó. "Bàbá, ká ní ẹ sọ fún mi ni, a ò ní bá yín jà."

Bándélé ní, "Ẹ mú ìwé yẹn wá. Ẹ pa irọ́ mi rẹ́, ẹ kọ òótọ́ síbẹ̀, kí ẹlòmíì lè rí i lò."

Eli tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́, òun ló ń gbé e pọ̀n lọ gba oògùn lóṣooṣù.

Ẹ̀yin ọmọ mi, àyà jíjá kì í ṣe ìtìjú, àìsàn ni. Ẹ má dá oògùn rẹ̀ dúró láìsọ fún ẹni tó fún yín. Ẹ má purọ́ fún ẹni tó ń tọ́jú yín. Ẹ má sì fi aláìsàn ṣẹ̀sín; ẹ ò mọ ibi tí ẹ̀rín yín yóò ti bá a. Àwọn àgbà ní, bí iná kò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná; bí àìsàn kò bá tíì tán, ìtọ́jú rẹ̀ kì í tán.