Ìyípo Tó Yá Jù

"Àǹtí Ianthe, ẹ rọra o! Kì í ṣe ọkọ̀ ẹlẹ́ja lẹ fẹ́ wà yìí," dókítà eyín kan kígbe.

Àǹtí Ianthe, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ de kámẹ́rà mọ́ ọkọ̀ eré dókítà náà tán, ti jókòó sídìí sítíárìn. Ẹ̀gbà fàdákà ń dún lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Dókítà. Ìyípo kan péré ni, kí ẹ̀rọ yìí lè mọ pápá. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ní lè kọ iye eré yín sójú fídíò."

Ó yí Bushy Park, pápá ìsáré ọkọ̀ náà, po lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ọkọ̀ fún ẹni tó ni ín. Dókítà fi ogún ìyípo sá eré àsápajúdé.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ síwájú kọ̀ǹpútà. Ó ní kí ẹ̀rọ gbé ìyípo tó yá jù jáde.

"Ẹ wo nọ́ńbà! Ẹ wo bí mo ṣe já kọ́nà yẹn! Ta ló tó bẹ́ẹ̀ nínú yín?"

"Dókítà, ẹ ò bẹ̀rù ikú!"

Ní kọ́nà tó kẹ́yìn, ọwọ́ awakọ̀ yọ sójú fídíò. Ẹ̀gbà fàdákà ń dún níbẹ̀. Ohùn kan tẹ̀ lé e:

"Ẹ jẹ́ n dẹ eré díẹ̀, kí n má ba táyà onítáyà jẹ́."